Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ẹ máa bèèrè ẹni tó ya fídíò

Èrò ọkàn mi rèé o. Bí èèyàn bá dúró nídìí àtẹ ìwé ìròyìn ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi yọ fóònù, tí á ní ká wá wo iṣẹ́ ribiribi tí Ibrahim Traoré, olórí ìjọba ológun, ń ṣe ní Burkina Faso. Ti ará ìta kò dùn mí. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbé e sórí rédíò láìwádìí ló ń dùn mí wọra.

Lóṣù kẹta ọdún 2025, Guezouma Sanogo àti Boukari Ouoba, tí wọ́n jẹ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn níbẹ̀, sọ pé ìjọba ti fún àwọn oníròyìn lọ́rùn. Wọ́n gbé wọn. Ìgbà tá a máa tún rí wọn nínú fídíò, aṣọ sọ́jà ló wà lọ́rùn wọn! Ó di oṣù keje kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Lọ́dún 2024, wọ́n ti rédíò BBC pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ó ròyìn ohun tí Human Rights Watch, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, sọ, pé sọ́jà Burkina Faso pa ará ìlú 223. Ṣé ẹ gbọ́ èyí lórí rédíò wa?

Mo mọ̀ pé Faransé rẹ́ wọn jẹ, mi ò sì gbèjà Faransé. Ṣùgbọ́n ará ọjà tó ń yin Traoré nínú fídíò nígbà tí sọ́jà dúró tì í, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Kí akọ̀ròyìn sọ fún wa ẹni tó mú un débẹ̀, àti ìbéèrè tí wọn ò jẹ́ kó bi.

Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló lẹ́bí tó ń ṣòwò lọ́hùn-ún. Ẹ bi wọ́n lọ́rọ̀ ìjọba lórí fóònù, owó àlùbọ́sà ni wọ́n á máa sọ. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ni wọ́n ń tu jáde. Ẹni tó bá wá láyà láti sọ̀rọ̀ fún akọ̀ròyìn, kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má dárúkọ ọjà rẹ̀, kí wọ́n má tiẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Akọ̀ròyìn á padà sílé. Ibẹ̀ ni ẹni tó sọ̀rọ̀ ń gbé.

Kunle Ajibade, olóòtú ìwé ìròyìn TheNews, dáàbò bo ẹni tó fún un níròyìn lójú wa níbí. Láyé Abacha, lọ́dún 1995, wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó fún TheNews ní ìròyìn ìdìtẹ̀gbàjọba. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọdún 15.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di gbohùngbohùn mú, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé fídíò Traoré míì sí i lọ́la, ẹ kọ́kọ́ sọ ti Sanogo àti Ouoba fún wa.