Àtúnṣe Àfọwọ́fà

Àwọn tó wà níbẹ̀:
BÀBÁ TÍṢÀ, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Owó tí kò fẹ́ ná ló máa ń ṣírò jù.
ÌYÁ BỌ́LÁ, ìyàwó rẹ̀, ó ń ta gaàrí lọ́jà Kàbà.
BÍRÍKÌLÀ, ọmọ àdúgbò.
MÀMÁ ÌSÁNLÚ, ìyá tó bí Ìyá Bọ́lá.

(Ẹ̀yìnkùlé kan ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí wọ́n ti ń fi “Òkun” kí ara wọn, lọ́jọ́ Alámìísì. Àwọn àna Bọ́lá ń bọ̀ wá mọlé ní Sátidé. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Bàbá Tíṣà mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, ó mú fóònù lọ́wọ́ kejì. Ìyá Bọ́lá ti ọjà dé.)

ÌYÁ BỌ́LÁ: Òkun o, Bàbá Bọ́lá.

BÀBÁ TÍṢÀ: Òkun. Rọra o, má fara kan ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún tán ni.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí lẹ fi kùn ún?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ọ̀dà.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Irú ọ̀dà wo nìyí? Mo ṣì ń rí ibi tí Bọ́lá kọ ABD sí nígbà tó wà ní kékeré.

BÀBÁ TÍṢÀ: Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni mo rà. Mo da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí i, ó di márùn-ún. O rí èrè?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mo rí i. Àwọn tó ń bu omi lu ẹmu náà máa ń jẹ irú èrè yẹn, títí oníbàárà á fi tọ́ ọ wò.

BÀBÁ TÍṢÀ: Máa ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. ₦60,000 ni bíríkìlà yẹn pè é! Kó kàn tún páànù ṣe, kó ṣe ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, kó kun ògiri, ₦60,000! Mo ní kó máa lọ ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló wà nínú fóònù yìí. Òyìnbó kan ló ń ṣe é. Ó ń ṣe é, ó ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ làágùn.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Òyìnbó ọ̀hún, ṣé Kàbà ló ń gbé?

BÀBÁ TÍṢÀ: Símẹ́ǹtì mọ Kàbà ni? Kí ni wọ́n fi ṣe títì tó ti Ọ̀bájánà wá síbí? Símẹ́ǹtì! Tírélà ń gùn ún tọ̀sán-tòru. Ṣé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ tèmi ni kò ní lè gbé ènìyàn?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ewúrẹ́ kan gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Pátákò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀, ó dà bíi pé ó ti tẹ̀ka sí ìwé.

(Bíríkìlà wọlé.)

BÍRÍKÌLÀ: Òkun o, Bàbá. Òkun, Ìyá wa. Mo kàn ń kọjá lọ ni o.

(Irọ́ ni. Ilé rẹ̀ kò gba ibí, oko rẹ̀ kò gba ibí.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Kọjá lọ nígbà náà.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ jẹ́ n fojú kan ilé ìwẹ̀ yẹn, sà. (Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ilẹ̀. Yanrìn ń bá àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀.) Bàbá, yanrìn mélòó lẹ pò mọ́ símẹ́ǹtì kan?

BÀBÁ TÍṢÀ: Méjìlá.

BÍRÍKÌLÀ: Méjì?

BÀBÁ TÍṢÀ: Méjìlá! Símẹ́ǹtì wọ́n, yanrìn kò wọ́n. Ìṣirò ọmọ píráìmárì ni.

BÍRÍKÌLÀ: Mẹ́rin là ń pò mọ́ ọn, sà. Bí yanrìn bá jẹ́ páànù mẹ́rin, símẹ́ǹtì á jẹ́ páànù kan. Èyí tí ẹ ṣe yìí, ìgbálẹ̀ ló máa kó o.

BÀBÁ TÍṢÀ: Kò tíì gbẹ ni. Mo kọ fáànù sí i mọ́jú.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ kọ kí ni sí i? Omi là ń wọ́n sí i o, Bàbá! Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó kéré tán fún ọjọ́ 7. Bí omi bá tètè gbẹ lára símẹ́ǹtì, kì í le mọ́, ṣe ni yóò máa sán.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ dúró ná. Fáànù wo? Èyí tí mo ní kí ẹ gbé wá lóru àná tí ooru fẹ́ pa mí, tí ẹ ní kò síná?

BÀBÁ TÍṢÀ: Iná dé nígbà tí o ti sùn.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Iná dé, ilé ìwẹ̀ ló gba atẹ́gùn.

(Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Gbogbo wọn sá sí pálọ̀. Bí Bíríkìlà ṣe ní kí òun nu ojú, nǹkan funfun kan já bọ́ láti àjà, ó bà lé fìlà rẹ̀. Òmíràn tún já bọ́. Ó ń hó.)

BÍRÍKÌLÀ: Yéè! Kí lèyí?

ÌYÁ BỌ́LÁ: (Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.) Ọṣẹ mi! Ọṣẹ gbọọrọ tí mo ti ń wá látàná! Bàbá Bọ́lá, kí ni ọṣẹ ń wá lórí òrùlé?

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹ fara balẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wọkọ̀ lọ Lọ́kọ́ja lọ́dún yẹn, táńkì ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lójú ọ̀nà. Kí ni dírẹ́fà ṣe? Ó mú ọṣẹ, ó fi dí i. Kò kán sílẹ̀ mọ́ títí a fi dé. Mo wá rò ó: bí ọṣẹ bá lè dá bẹntiróòlù dúró, kí ni omi òjò lásánlàsàn?

BÍRÍKÌLÀ: (Ó jókòó sílẹ̀.) Bàbá, bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ìdí tí dírẹ́fà fi ń lò ó nìyẹn. Omi ló máa ń yọ́ ọ!

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ọ̀tọ̀ ni kí ilé máa jò. Ilé tiwa ń jò, ó sì ń fọṣọ.

BÍRÍKÌLÀ: Ìṣó tí ẹ kàn ńkọ́? Ṣé orí gegele páànù lẹ kàn án sí?

BÀBÁ TÍṢÀ: Inú kòtò rẹ̀ ni mo kàn án sí. Ibẹ̀ ló rọ̀ láti kàn.

BÍRÍKÌLÀ: Inú kòtò ni omi ń gbà ṣàn, sà! Ẹ lu ihò sójú ọ̀nà omi. Orí gegele ni wọ́n ń kàn án sí, ìṣó tó ní rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Tiyín ní rọ́bà?

BÀBÁ TÍṢÀ: Èyí tó ní rọ́bà fi díẹ̀ wọ́n ju èyí tí kò ní lọ.

(Òjò dá. Wọ́n jáde. Ọ̀dà ti ṣàn kúrò lára ògiri, ó ṣe adágún funfun sílẹ̀. ABD Bọ́lá wá hàn ketekete.)

BÍRÍKÌLÀ: Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀dà nìkan. Ògiri yìí ti mumi látòkè. Bí ẹ kun ojúlówó ọ̀dà pàápàá, yóò ṣí. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, kí ẹ ha èyí tó ti ṣí kúrò, kí ògiri gbẹ dénú, kí ẹ tó kùn ún.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èló lẹ ti ná báyìí, Bàbá Bọ́lá?

BÀBÁ TÍṢÀ: (Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.) ₦58,500.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Háà.

BÀBÁ TÍṢÀ: Mo ṣì jèrè ₦1,500. Ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Ohun tó máa tì wá lójú lọ́dọ̀ àwọn àna ni àwọn àpò ìdọ̀tí tí o tò sí ẹ̀yìnkùlé yìí. Táyà ni mo fẹ́ kó síbẹ̀. Màá kun ún ní pupa àti yẹ́lò, màá gbin òdòdó sínú rẹ̀. Mo ti wò ó lórí fóònù.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àwọn àna ń bọ̀ wá jẹ òdòdó ni?

BÍRÍKÌLÀ: (Ó ti dé ìdí àpò, ó ń yí i po.) Ìyá wa, tẹ̀tẹ̀ rèé! Ẹ̀gbẹ́ àpò ló ti ń yọ jáde! Báwo lẹ ṣe ṣe é?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ni. Mo gé ìdí agolo wàrà ńlá kan kúrò, mo gbé e sáàárín àpò, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, mo wá bu iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ yí i ká. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti kún dé ètè agolo, màá fa agolo sókè, òkúta á dúró. Màá tún kó òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é dókè. Omi tí mo bá dà sórí, àárín òkúta yẹn ló ń gbà dé ìdí àpò. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀bẹ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ sójú ihò kọ̀ọ̀kan, mo gbin ṣọkọ sórí.

BÍRÍKÌLÀ: Ìyàwó mi náà da ìgbẹ́ adìyẹ sí tirẹ̀, gbogbo ẹ̀fọ́ ló jó.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Tútù ló dà sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kó tó bù ú. Bí kòkòrò bá dé, kó rẹ ewé dóńgóyárò mọ́jú, kó sẹ́ ẹ, kó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kó wọ́n ọn. Bí ilé rẹ̀ bá ní ọṣẹ o. Ilé ẹlòmíràn kò ní.

BÀBÁ TÍṢÀ: Mélòó ni gbogbo rẹ̀ ná ọ?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àpò, a jẹ ìrẹsì inú rẹ̀. Òkúta, ẹ̀bá odò. Adìyẹ, tiwa ni. Bí oṣù kan kò bá tíì pé, mo ti ń já tẹ̀tẹ̀.

BÀBÁ TÍṢÀ: Láti ìgbà wo?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

(Bàbá Tíṣà dákẹ́. Ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Ìyá Bọ́lá. Owó ẹ̀fọ́ tí mo ń fún ọ lọ́jọọjọ́ ọjà...

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ ṣeun, olúwa mi.

BÀBÁ TÍṢÀ: Ẹ̀fọ́ tí mo ń fowó rà, inú ilé mi ló ti ń hù?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Mi ò jẹ ẹ́ o. Ẹ bi bíríkìlà.

BÍRÍKÌLÀ: (Ó ń họrí.) Wọ́n ti san ìdajì fún mi látàná, Bàbá. Ìdí tí mo fi ń kọjá lọ nìyẹn.

(Hóònù dún níta. Màmá Ìsánlú wọlé, léèsì funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Bàbá Tíṣà sáré dọ̀bálẹ̀ sínú adágún ọ̀dà.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Òkun o, Màmá!

MÀMÁ ÌSÁNLÚ: Òkun, ọkọ ọmọ mi. Dìde, o ti funfun jù. Léèsì tí mo fẹ́ wọ̀ ní Sátidé rèé, mo ní kí ẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ jẹ́ n jókòó.

(Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ máńgòrò, ó ń dán. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Màmá ti jókòó.)

BÀBÁ TÍṢÀ: Màmá...

ÌYÁ BỌ́LÁ: Kí lẹ fi kun bẹ́ǹṣì yẹn?

BÀBÁ TÍṢÀ: Kọ̀ńdẹ́mù ọ́ìlì ni. Mẹkáníìkì fẹ́ dà á nù ni, ọ̀fẹ́ ló fún mi. Ikán kì í jẹ igi tí wọ́n bá fi kùn.

BÍRÍKÌLÀ: Òótọ́ ni, sà. Àmọ́ ìdí òpó tó máa wọlẹ̀ la fi ń kùn, kì í ṣe ibi tí ìdí ènìyàn máa wà.

MÀMÁ ÌSÁNLÚ: Ìdí ta ni?

(Ó dìde. Ó fa léèsì wò lẹ́yìn. A ò ní kọ ohun tó sọ, èdè Yàgbà ìlú rẹ̀ pọ́ńbélé ni.)

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ má fomi kàn án o, Màmá! Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ ra á ní gbígbẹ, kó wọ inú ọ́ìlì yẹn dáadáa, kí ẹ tó wá fọ̀ ọ́.

MÀMÁ ÌSÁNLÚ: Ẹ gbé ọṣẹ wá nígbà náà!

(Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú sókè wo òrùlé.)

MÀMÁ ÌSÁNLÚ: Kí lẹ ń wò lókè?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Bàbá Bọ́lá, àkàbà yín rèé. Ẹ tètè gùn ún kó tó yọ́ tán.