Ẹ Dá Ọjọ́ Tí Òjé Yóò Kúrò Nínú Epo Eré-Ìje

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka epo bẹtiróòlù olójèé léèwọ̀ fún mọ́tò tó ń rìn lójú títì. Mọ́tò eré-ìje ni òfin yọ sílẹ̀. Títí di òní, ní àwọn pápá eré kéékèèké níbi tí bàbá ti ń gbé ọmọ lé èjìká kó lè rí mọ́tò, wọ́n ṣì ń da òjé sí táǹkì. Èrò tiwa ni pé kí àwọn tó ń ṣàkóso eré wọ̀nyí dá ọjọ́ tí yóò dópin, kí wọ́n má dúró de ìjọba.

A ò sọ pé òjé ò wúlò fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì eré-ìje máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra dé ìdá kan nínú 12, nígbà míì ìdá kan nínú 14, kí púlọ́ọ̀gì tó tanná sí i. Epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ (ìwọ̀n agbára tí epo fi ń kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀) kéré á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ìró bí ẹni fi òòlù kékeré ń lu irin, orí písítìn á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Ní December 1921 ni Thomas Midgley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní General Motors rí i pé òjé díẹ̀ ń pa ìró yẹn. Ó tún ń bo ìjókòó fáàfù, ìyẹn ojú irin tí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa dé sí, kí irin má baà máa bó irin lára.

Ṣùgbọ́n ní 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé ìfọpo Bayway ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń ṣe òjé yìí. Ó ń gba awọ ara wọlé. Mẹkáníìkì tó bá ń fi epo eré-ìje ṣan gíríìsì kúrò lọ́wọ́, òjé ló ń fi wẹwọ́. Èyí tó bá èéfín jáde di eruku, á bà lé aṣọ, á bá wọn délé. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí àwọn oníṣègùn rí tí wọ́n lè pè ní aláìléwu, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ nínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Àwa ní Nàìjíríà rí ohun tó ṣe ní Zamfara ní 2010, tí ọmọdé bíi 400 kú nítorí òjé inú òkúta góòlù. Orílẹ̀-èdè wa àti àwọn ará wa ní ìsàlẹ̀ Sàhárà fi epo olójèé sílẹ̀ kí 2006 tó wọlé. Algeria ló ṣe é kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021.

Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́. Ẹ wo NASCAR, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré-ìje mọ́tò ńlá ní Amẹ́ríkà. Ní 2007 ni wọ́n bọ́ sórí epo tí kò ní òjé. Kaburétọ̀ ló ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì wọn nígbà yẹn, ó ń yí ju ìgbà 9,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń sá eré 500 máìlì. Bí èyí bá gbé e, kí ló dé tí mọ́tò tó ń yí pápá nígbà 25 lálẹ́ Sátidé kò fi ní gbé e?

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìjókòó fáàfù sára irin orí rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Kí wọ́n gé ojú ihò èéfín, kí wọ́n tẹ òrùka irin líle síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, kó máa fi feeler gauge (abẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo fáàfù lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo bá ń dín kù, fáàfù ti ń rì sínú ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Tí àlàfo bá tán, fáàfù ò ní lè pa dé mọ́, yóò jó. Kí wọ́n fa táímìn (àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná) sẹ́yìn ní dígíríì 3 tàbí 4, kí wọ́n wá máa dá a padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá a padà, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n wo tánganran funfun rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Bí èérún wínníwínní tó ń dán bá wà lára rẹ̀, písítìn ló ń jẹ. Kí wọ́n má dá a padà mọ́, kí wọ́n tún fà á sẹ́yìn.

Tí epo ọ́kítéènì 100 tàbí 104 tí kò ní òjé ò bá tó, E85 wà, ìyẹn bẹtiróòlù tí wọ́n pò mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí líle). Epo tó gbà tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta, yóò tó mẹ́rin báyìí, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kaburétọ̀) àti pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ tóbi sí i. E85 ilé epo kì í dọ́gba: ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè jẹ́ 51 nínú 100, ó lè jẹ́ 83. Ẹ bu omi sí ìgò oníwọ̀n dé orí 10, ẹ da epo sí i títí dé 100, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá omi lọ sísàlẹ̀. Bí omi ìsàlẹ̀ bá gòkè dé 80, ẹ́tánọ́ọ̀lù gba 70 nínú 90 tí ẹ dà, ìyẹn bíi 78 nínú 100. Ẹ má jẹ́ kó sùn nínú kaburétọ̀ mọ́jú.

Ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo dé ìdá kan nínú 15 lè nílò písítìn tuntun, ìyẹn sì ń náni lówó. A gbà pé kí wọ́n fún irú àwọn wọ̀nyẹn ní sáà eré méjì. Ṣùgbọ́n kí ìpín àwọn ọmọdé ṣíwájú, ní sáà tó ń bọ̀ yìí, nítorí ọwọ́ ọmọ ló ń di fúnẹ́ẹ̀lì mú níbẹ̀.