Ọdẹ Ni Wọ́n Fẹ́ Pè Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí mo fi ń fi ẹ̀gbẹ́ ìdí kan jókòó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ sún mọ́bí. Níbi iṣẹ́, mo sọ fún wọn pé orí àtẹ̀gùn ni mo ti yọ̀ ṣubú. Irọ́ ni. Orí òkè ni. Òkè tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé Olúmọ lé Ìdànrè lórí, tí wọ́n tún gbé Adó-Àwáyè lé e, ó ṣì máa wo gbogbo wọn nílẹ̀ ni.

Orúkọ ló kó bá mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn àna mi ní Colorado, bàbá ìyàwó mi béèrè ohun tí Ọdẹ́wálé túmọ̀ sí. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ní ó túmọ̀ sí "ẹni tó ń san bílì lásìkò". Ṣùgbọ́n orí ẹran mẹ́rin ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn, tí gbogbo wọn ranjú mọ́ mi, ọwọ́ ẹni tó pa wọ́n ni mo sì ti fẹ́ gba ọmọ. Mo ní, "Ọdẹ ti wálé, sà." Bàbá dìde, ó gbá mi mọ́ra. Ó ní ọmọbìnrin mẹ́ta lòun bí, gbogbo ọkọ tí wọ́n ń mú wálé, kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Mi ò kúkú parọ́ tán. Bàbá bàbá mi, ọdẹ gidi ni wọ́n, wọ́n mọ̀ wọ́n láti Ṣakí dé Ìgbòho. Ṣùgbọ́n tíṣà ni bàbá mi, ìṣirò owó lèmi náà kà n'Íbàdàn. Nǹkan tí mo ti fọwọ́ ara mi pa láyé kò ju ẹ̀fọn lọ, ìyẹn náà, èyí tó mu ẹ̀jẹ̀ yó tí kò lè fò mọ́.

Wọ́n wá gé Ọdẹ́wálé kúrú fún mi. Wọ́n já ohùn ẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó di Ọ̀dẹ̀. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. "Ọ̀dẹ̀, kọfí ti wà nílẹ̀ o." "Ọ̀dẹ̀, ṣé o sùn dáadáa?" Mo ní mo sùn, sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan wà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, "Ọ́ńkù Ọ̀dẹ̀" lòun ń pè mí. Ó kúkú fi ọ̀wọ̀ sí i.

Ọdún kìíní tí wọ́n ní kí n bá àwọn lọ ṣọdẹ, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọdún kejì, mo ní ọ̀gá mi kò gbà. Lọ́dún yìí, bàbá lọ kọ orúkọ mi láì bi mí. Ní Colorado, èèyàn kì í kàn gbé ìbọn wọgbó lọ bá àgbọ̀nrín. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n á wá mú nínú wọn bíi tẹ́tẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ọdún gbọ́n-ọn, tí wọn ò mú wọn sí ibi tí wọ́n fẹ́. Èmi tí mo kọ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà lọ́dún márùn-ún gbáko, tí mo gbààwẹ̀ sí i, tí wọn ò mú mi! Àgbọ̀nrín tí mi ò bẹ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n mú mi.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ti kọ́kọ́ mú mi lọ. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1949 gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó gbàwé. Mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, a jọ ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni òfin gbà, pé ẹni tó bá tanná wá ẹran lóru, arúfin ni. Mo rántí bàbá bàbá mi àti àtùpà tí wọ́n máa ń so mọ́ iwájú orí. Gbogbo ẹran tí mo jẹ dàgbà, ẹ̀sùn ni.

Aṣọ ńkọ́? Gbérí bàbá bàbá mi dúdú bí ìdí ìkòkò, igi gan-an kì í dá wọn mọ̀. Tiwa, òfin ní àwọ̀ ọsàn tàbí píǹkì tó ń tàn yanran, 500 íǹṣì onígun mẹ́rin ó kéré tán, pẹ̀lú fìlà. Mo wọ ti ọsàn tán, mo dúró níwájú dígí, agbálẹ̀ títì márosẹ̀ Èkó ló ń wò mí padà. Wọ́n ní àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ yẹn dáadáa. Mo ní ó dáa.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe ni pé mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré ní Ṣakí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé gbogbo ẹbí. Bàbá Kékeré fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ ìwo. Wọ́n fẹ́ awọ. Wọ́n fẹ́ itan kan, kí n yan án kó gbẹ dáadáa kí n tó dì í. Wọ́n tún fẹ́ owó ọtí tí àwọn ọdẹ Ṣakí máa fi bá mi yọ̀, nítorí ẹran àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi kò tíì pa ẹran o. Wọ́n ti pín in tán.

A gun òkè. San Juan ni wọ́n ń pe àwọn òkè yẹn, a sì ti kọjá 11,000 ẹsẹ̀ bàtà kí ilẹ̀ tó mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bí owó oṣù mi, kí n tó fà á sínú, ó ti tán. Bàbá ìyàwó mi, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń gòkè bí ewúrẹ́ tó rí ẹ̀pà. Ìyá ìyàwó mi ń kọrin lọ. Ìyàwó mi tó máa ń ní kí n gbé ilẹ̀ ìdọ̀tí jáde torí pé ó ti rẹ òun, ó gbé àpò tó jù mí lọ. Mo ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn.

Bàbá ṣàlàyé pé láàárọ̀ kùtù, atẹ́gùn máa ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè; tí oòrùn bá ti là, atẹ́gùn yẹn á yí padà, á máa fẹ́ gòkè. Nítorí náà ká tètè wà lókè ẹran, kó má gbóòórùn wa. Bó ṣe sọ ọ́ tán, gbogbo wọn bojú wò mí. Ẹ̀fọ́ ni mo jẹ lálẹ́ àná. Mo bu irú sí i. Ṣé búrẹ́dì ló máa gbé mi gun òkè ni?

A wá rí i. Àgbọ̀nrín elétí ìbaaka, mule deer tí wọ́n ń pè é, etí bí abẹ̀bẹ̀, ìwo ẹlẹ́ka mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ó dúró bíi baálẹ̀ tí wọn ò tíì san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Nǹkan bíi 200 yáàdì. Bàbá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ̀dẹ̀, tìẹ ni." Mo gbé ìbọn. Mo mí. Mo tún mí. Mo gbé ìka sí i.

Fóònù dún.

Ilé wa tó wà ní ìgboro kì í ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n orí òkè tí ẹyẹ gan-an ń sinmi kó tó débẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Ìlù dùndún ni mo fi sí i. Bàbá Kékeré. "Ṣé o ti pa á?"

Mo ń sáré pa fóònù, mo tẹ òkúta tó ń yí, ó yí, mo bá a yí. Ìbọn dúró sọ́wọ́ ìyàwó mi, Ọlọ́run ló ní kó gbà á. Èmi ń lọ. Mo fìdí wọ́ kọjá igi mẹ́ta, mo kí wọn. Ṣòkòtò mi dúró síbi igi kejì. Yìnyín wọ ibi tí àwọn òbí mi gan-an ò rí láti ìgbà tí mo ti kéré. Nígbà tí mo máa fi dúró, mo ti dojú délẹ̀, mo na gbọọrọ, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbójú sókè. Pátákò mẹ́rin. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbọ̀nrín.

Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó wò mí. Mo lè búra pé ó fẹ́ ní kí n dìde. Ó wá fò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà bíi bọ́ọ̀lù, ó dé òdìkejì àfonífojì, ó ṣe ohun tí irú wọn máa ń ṣe, ó dúró bojú wẹ̀yìn. Ìbọn dún. Ọta kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí èmi kọ́ ní ìṣirò.

Àwọn àna mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàbá ti ṣí fìlà. Ó béèrè bóyá bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹran nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a dé ìdí ẹran náà, òun àti ìyá dọ̀bálẹ̀ nínú yìnyín. Ìyàwó mi tó mọ òótọ́ gé ètè jẹ.

Bàbá fọwọ́ ra ọrùn ẹran. Ó ní orí òkè yìí ni bàbá òun ti kọ́ òun. Ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé wa.

Mo la ẹnu. Orí ẹní bàbá bàbá mi ni mo ti máa ń gbọ́ ìjálá, àní títí oorun á fi gbé mi lọ. Mo wá a, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, mi ò tíì ní ìwé tí mo lè fi lọ kí n sì padà. Orí fóònù ni mo ti wo ìṣípà ọdẹ wọn, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé ni àwòrán dúró gbagidi, èmi ni mo sì san owó màlúù. Ìbọn tí wọ́n ní tèmi ni, Bàbá Kékeré ti tà á kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ọ̀kadà ni wọ́n fi owó ẹ̀ rà. Kò sí ẹni tó bi mí.

Ẹni tó ń béèrè ìwo nìyẹn.

Ojú gbogbo wọn wà lẹ́nu mi. Mo wá gbé ohùn sókè bíi ti ìjálá, mo ní: "Dùgbẹ̀ẹ̀ẹ̀! Mọ́kọ́lá! Ṣàngó! Òjòóóó! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Omi bọ́ lójú bàbá. Nígbà tí mo dé Òjòó, ohùn tèmi náà kọ́. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ n'Íbàdàn ni bàbá bàbá mi ti máa ń sọ̀ tí wọ́n bá gbé ẹran gbígbẹ wá fún mi níléèwé.

Kẹ́ ẹ má rò pé mo sunkún. Òtútù ni.

Ó ku gbígbé. Òfin ní tí wọ́n bá ń gbé ẹran bọ̀, ẹ̀rí pé akọ ni gbọ́dọ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Itan tí ẹ̀rí wà ni wọ́n gbé kọ́ mi lẹ́yìn. Nínú àwa méjèèjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, òun nìkan ló ní ẹ̀rí.

Ìwo ti di tọmọ yẹn. Mo ṣàlàyé fún Bàbá Kékeré. Mo ní a tún ti gbé orí ẹran lọ fún àyẹ̀wò, àrùn kan wà tó ń mú àgbọ̀nrín rù hangogo títí á fi kú, Colorado níbí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1967. Wọ́n ní kí n sè é dáadáa. Mo ní iná kì í pa á, sà. Wọ́n ní torí pé gáàsì ni ẹ̀ ń lò, kí n fi igi sè é.

Lánàá wọ́n tún fi ohùn ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣakí ń já, bó ṣe máa ń já. Mo gbọ́ "ìwọ", mo gbọ́ "yìí", ohun tí wọ́n pè mí láàárín méjèèjì ni mi ò gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sí i. Mo ti tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.