Àgbélébùú Banbury tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ò tíì tó igba ọdún o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ nọ́sìrì ní Nàìjíríà, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé orin ẹṣin tó ń lọ sí Banbury Cross, a kàn ń kọ ọ́ ni, a ò mọ̀ pé ìlú gidi ni. Ìlú ọjà ni, ní Oxfordshire, ibẹ̀ lèmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé báyìí. Àgbélébùú olókùúta gíga kan wà lóríta Horsefair, kò sẹ́ni tó wá kí wa tí kì í ya fótò níbẹ̀, wọ́n á ní èyí tó wà nínú orin rèé, àwọn ọmọ onílùú gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ wọn. Kì í ṣòun o.

1859 ni wọ́n kọ́ eléyìí. Lọ́dún tó ṣáájú ni àkọ́bí Queen Victoria fẹ́ ọmọ ọba Prussia nílẹ̀ Jámánì, ìgbéyàwó yẹn ni wọ́n fi ń rántí. John Gibbs tó ya àwòrán ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ ni, ìyẹn ló ń tan ojú jẹ.

Ti àtijọ́ wà lóòótọ́, mẹ́ta ni wọ́n, High Cross, Bread Cross àti White Cross. Ṣùgbọ́n àwọn Púrítánì gbilẹ̀ ní Banbury nígbà yẹn, onígbàgbọ́ tí ò fẹ́ fojú rí ohunkóhun tó bá jọ òrìṣà ni wọ́n. Ní July 26, 1600, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni agbẹ́kùúta méjì ti gun High Cross tí wọ́n ń wó o, èrò pé lé wọn lórí, nígbà tí ṣóńṣó ẹ̀ já lulẹ̀, ẹnì kan nínú wọn figbe ta pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Dágónì wọn ti ṣubú! Ẹ ẹ̀ rí i, àgbélébùú Jésù ni wọ́n ń pè ní Dágónì, òrìṣà àwọn Filístínì inú Bíbélì. Àwọn tó kù náà ò pẹ́ tí wọ́n fi lọ. Ó wá di odindi ọdún 259 kí wọ́n tó gbé òmíì nàró.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Celia Fiennes ni obìnrin tó gẹṣin nínú orin yẹn, torí ẹbí Fiennes ló ni Broughton Castle nítòsí ibí, òun náà sì gẹṣin káàkiri England lóòótọ́. 1662 ni wọ́n bí i! High Cross ti wó fún ọdún 62 kó tó dáyé.

Màmá àgbàlagbà tó múlé tì wá, Grandma làwọn ọmọ mi ń pè é, òun náà gbà pé àgbélébùú yẹn ti wà láti ayébáyé. Ẹnu òun náà kan náà ló fi sọ fún mi pé nínú ẹbí àwọn, wọ́n máa ń pìtàn pé bàbá ńlá àwọn wà lára àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó òkúta ẹ̀ wá. Mo ní, Grandma, ìgbà wo nìyẹn? Ó dákẹ́, ó wá wọlé lọ mú fótò kan jáde, bàbá ẹ̀ ló dúró níwájú àgbélébùú náà, ọmọ kékeré, ó wọ aṣọ ilé ìwé, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n ń sọ pé wọ́n yà á. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú náà dáadáa, ibi tí ère Victoria, Edward Keje àti George Karùn-ún wà lónìí, òfìfo ni. 1914 ni wọ́n sì gbé àwọn ère yẹn síbẹ̀.

Ó bèèrè pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ mi, ó yí fótò náà padà, ó kọ “ṣáájú 1914” sẹ́yìn ẹ̀.