Ẹ Ya Ọ̀nà Mọ́ Àmì

Mo wà lára àwọn tó ń yẹ fọ́tò wò fún Pokémon Go, géèmù orí fóònù. Lánàá, mo tún kọ fọ́tò kan tó wá láti Ìbàdàn wa níbí sílẹ̀, ó sì dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmì ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ẹni náà yà: pátákó kékeré kan, ọfà kan lára rẹ̀, ó tán. Ó sún mọ́ ọn débi pé mò ń rí ìpẹtà ara ìṣó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọfà ọ̀hún ń nà sí kò sí nínú fọ́tò rárá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá inú igbó ló wà tàbí ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan?

Ẹ jẹ́ n là á fún àwọn tí kì í gbá Pokémon Go. Látìgbà tó ti jáde ní oṣù keje ọdún 2016, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a: èèyàn á rìn dé ojú ibì kan kó tó rí nǹkan kó níbẹ̀. Àwa agbágéèmù la máa ń ya fọ́tò irú ibẹ̀ ránṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe é nínú Ingress, géèmù tó ṣáájú rẹ̀ ní 2012. Fọ́tò méjì ni: ọ̀kan fún nǹkan náà fúnra rẹ̀, ọ̀kan fún àyíká rẹ̀. Agbágéèmù bíi tiwa ló tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó ń sọ pé kó wọlé tàbí kó má wọlé.

Fọ́tò kejì yẹn là ń fojú di. Bẹ́ẹ̀, fún àmì ojú ọ̀nà, òun ni gbogbo ẹ̀rí. Layípo, ilé ìṣọ́ gíga Ìbàdàn, kò nílò ẹlẹ́rìí, ó ti wà lórí òkè Àrẹ̀mọ láti 1936, àwòrán tí wọ́n yà látojú òfuurufú á gbé e jáde. Ta ló máa rí òpó tó ga dé orúnkún lábẹ́ igi? Ewé nìkan ni onítọ̀hún máa rí.

Wọ́n ti kọ tèmi náà rí, ẹjọ́ mi sì ni. Òpó igi kúkurú kan wà létí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí mo máa ń rìn, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kọ orúkọ ọ̀nà náà àti ọfà sí i lára. Ọ̀sán gangan ni mo yà á, oòrùn sì fọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ nù. Ní Sátidé kejì, mo débẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Ìgbín kan lẹ̀ mọ́ ara òpó náà, ipa itọ́ rẹ̀ ń dán láti ìdí òpó títí dé ìrù ọfà. Ní ìlú tí wọ́n ń kì ní ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, inú mi dùn láti bá a níbẹ̀. Mo fà sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo lóṣòó, mo jẹ́ kí ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ mi, kó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, kó wọ igbó lọ. Èyí wọlé.

Àwọn baba wa kúkú mọ̀ ọ́n. Bí èrò bá dé oríta, ẹni tó ṣíwájú á já ewé, á fi dí ọ̀nà tí òun kò gbà, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Gbé ewé yẹn kúrò ní oríta, kí ló kù? Àmì mìíràn tún wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má yà ránṣẹ́ láéláé: màrìwò tí wọ́n ta sójú ọ̀nà igbó orò. Ìyẹn ń sọ fún ọ pé kó o padà. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ síbẹ̀ nítorí géèmù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń kan pátákó tiwọn mọ́ igi, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Irọ́ ni. Ẹnìkan á wọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀, á rìn dé ibẹ̀, kò ní bá nǹkan kan.

A ò sì ṣaláìní ọ̀nà gidi. Igbó inú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, fẹ̀ tó 350 hẹ́kítà, èèyàn sì ń fẹsẹ̀ rìn ín láti wo ẹyẹ. Ọ̀kan nínú ẹyẹ ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nìkan ló sì wà ní gbogbo ayé. Ẹ ṣáà gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ìwọ tó ni fọ́tò àná, bó o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́ padà lọ yà á. Bí o kò bá fẹ́ dá lọ, kọ̀wé sí mi. Mo ráyè ní Sátidé.