Ìtàn ìdílé kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ẹjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìdílé Yorùbá láti orí ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó títí dé orí ọmọ tí wọ́n bí lánàá, kó má wulẹ̀ dààmú lọ sí ilé ìkàwé. Kóòtù ni kó lọ. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá arúgbó ti ń dìde níwájú adájọ́, tí wọ́n ń ka orúkọ baba tó bí baba wọn, ìlú tó ti ṣí wá, odò tó dó sí létí, àti ẹni tó jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fà á. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ló sì ṣe ìkíní nínú wọn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, kó sọ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, kó sì to orúkọ gbogbo àwọn tí ilẹ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá kó tó kan òun. Bí orúkọ kan bá já láàárín, ẹjọ́ lè já pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sí ohun tó burú nínú kí kóòtù gbọ́ ìtàn. Ohun tó ń dùn wá ni pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sọ ọ́. Ìtàn tí a kò wá títí tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi dé ẹnu ọ̀nà, kíákíá ni wọ́n máa ń ṣe é. Lọ́yà ni yóò bi olórí ẹbí léèrè, olórí ẹbí yóò ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n kan ní abúlé, ohun tí kò bá sì ran ẹjọ́ lọ́wọ́ kò ní dé inú ìwé. Ìdílé kejì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìtàn méjèèjì bá pàdé, adájọ́ kò mọ èwo ni kó gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1957, ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ga jù nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Adájọ́ Denning sọ níbẹ̀ pé bí ìtàn ṣe ń ti ẹnu ìran kan bọ́ sí ẹnu ìran kejì, àṣìṣe lè wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ó ní bí ìtàn méjì bá takora, kí adájọ́ má gbára lé ìrísí ẹlẹ́rìí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún tí kò tíì pẹ́. Títí di òní ni àwọn adájọ́ wa ṣì ń lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ní kúkúrú, ìtàn baba wa di ohun tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé a kò tètè kọ ọ́.

Ibi tí àwa dúró sí nìyí: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìjà kò tíì sí, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní ibi tí wọn yóò ti gbà á, tí wọn yóò lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ọn, tí wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní oríkì ti tó. A kò kó oríkì kéré. Òun ni ìwé ìran tí àwọn ìyá wa ń gbé sórí. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó ń kì í? Ní ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, yóò sun ẹkún ìyàwó láti ojúlé dé ojúlé, yóò sì fi ẹkún ka ìdílé baba àti ti ìyá rẹ̀. Lónìí, alága ìdúró ló gba ẹ̀rọ agbọ́hùn-sókè, ẹni tó bá na owó jù ni oríkì rẹ̀ ń gùn jù. Ẹ má bínú, òótọ́ ni.

Nǹkan mìíràn tún wà. Kóòtù kì í béèrè orúkọ gbogbo ènìyàn. Àwọn tí ilẹ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá nìkan ni ẹjọ́ ń fẹ́, ọkùnrin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàwó ń bọ́ sọnù, ọmọbìnrin tó lọ ilé ọkọ ń bọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀, nínú òfin ìbílẹ̀ wa, orúkọ ìyá ló ń pín ogún. Ìdí-igi ni wọ́n ń pe pínpín ogún bẹ́ẹ̀: iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń fi kà á, yàtọ̀ sí orí-ò-jorí tí wọ́n ń ka ọmọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé Privy Council ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí àṣà gbogbogbòò. Báwo wá ni ìdílé tí kò mọ orúkọ àwọn ìyá àgbà rẹ̀ ṣe fẹ́ ka ìdí-igi? Àwọn kan sì wà tí wọ́n fi ìwọ̀fà tàbí ẹrú wọ agboolé, tí wọ́n roko rẹ̀, tí wọ́n jagun rẹ̀, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi èyí bú ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn náà wà nínú àwọn tó tẹ ìlú dó.

Ìyàtọ̀ tí ìwé ń ṣe, ẹ wò ó lára Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn. Ní 1837, nígbà tó ti wà ní Sàró (Sierra Leone), ó kọ lẹ́tà tó fi ròyìn bí wọ́n ṣe mú un àti ọwọ́ ẹni tó gbà kọjá. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Kò sí ìlú tó ń bá Òṣoogùn du Àjàyí lónìí, nítorí ọ̀gbẹ́ni fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ohun tí yóò rí jẹ níbẹ̀.

Àwọn Sàró tó padà sí Èkó gbé àṣà ìwé yìí wá. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Àwọn Àgùdà tó ti Bahia ní Brazil dé ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì tún fi ọwọ́ wọn kọ́ ilé. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ṣùgbọ́n ilé kì í dáàbò bo ara rẹ̀. Ilojo Bar ní Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n wó o ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí kò bu ẹwà kankan. Gbogbo ìlú gbọ́ ariwo rẹ̀, nítorí kátakàtá ló wó o. Ìwé ìsàmì tí ikán ń jẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́sìrì kì í pariwo.

Bí ìwé kan ṣoṣo bá wà, kò tíì sí ohun tó wà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1899, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìrí i. Dókítà Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló tún un kọ láti inú àwọn ìwé pélébé tó fi sílẹ̀, kí ó tó di títẹ̀ ní 1921. Ká ní àwọn pélébé yẹn náà ti di ohun ìdáná ńkọ́?

Àwọn tó mọ iyì irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà láàárín wa. Ìjọ Mọ́mọ́nù, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìtàn ìran sílẹ̀ ní Utah ní Amẹ́ríkà ní 1894, ni ó ni àjọ FamilySearch. Àjọ yìí ń gba orúkọ ìran sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Gánà àti Nàìjíríà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú tì wá díẹ̀ pé ará Utah ló ń bi ìyá wa léèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

Ilé tí a ó kó o sí kò ṣòro. Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìbàdàn láti ìgbà Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn tó dá a sílẹ̀, ní 1954. Èkó ní ti ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí kò sí ni ojú fèrèsé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ tí dáwódù tàbí mọ́gàjí lè gbé fáìlì lọ, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún un, kí wọ́n sì fún un ní rísíìtì. Bí ẹbí bá fẹ́ kí ẹ̀dà náà wà ní títì fún ogún ọdún, kí wọ́n tì í. Ẹ̀rọ ayafọ́tò kan, tábìlì kan àti akọ̀wé tó lè kọ ààmì sórí Yorùbá ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n má sọ ọ́ di kọ́ńtíráàtì.

A mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn olórí ẹbí: bí a bá kọ ọ́, ọ̀tá yóò fi mú wa. Ọ̀tá náà ti ń kọ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ṣáájú ìjà sì ni adájọ́ yóò bọ̀wọ̀ fún ju èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀sẹ̀ ìpẹ̀jọ́ lọ.

Àwọn ilé aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ju òfin kékeré kan lọ láti bẹ̀rẹ̀ èyí. Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí má dúró dè wọ́n. Ìdílé náà kò sì gbọdọ̀ dúró: ní Iléyá tàbí Kérésì tó ń bọ̀, kí ẹ tó pín ẹran, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tan fóònù, kó gbé e sí iwájú ìyá tó dàgbà jù nínú ilé, kó sì bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń pe ìyá tó bí ìyá rẹ̀.