Ẹ Ṣí Kíláàsì Sílẹ̀ Fáwọn Àgbà Nírọ̀lẹ́

Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún télọ̀, awakọ̀ àti ìyálọ́jà tó fẹ́ wọ yunifásítì. Táwọn ọmọ bá ti jáde lọ́sàn-án, òfìfo làwọn kíláàsì náà máa ń wà títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń dá àgbà dúró. JAMB ò sọ pé ẹnì kan ti dàgbà jù. Ẹni ọdún 35 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tó gba oyè B.Com. ti yunifásítì London lọ́dún 1944, ilé ló sì ti kàwé náà. Kírédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO nìṣòro, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kọ́, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ, ìyẹn ìgbà méjì téèyàn ṣèdánwò. C6 lòpin kírédíìtì. D7 ò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní mẹ́ta látijọ́ ti lo ìjókòó kan nìyẹn. Kó tó forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ìdánwò àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, kó kọ́kọ́ bi yunifásítì tó ń lọ bóyá wọ́n ń gba WAEC pọ̀ mọ́ NECO.

Gẹ̀ẹ́sì ló ń fa ọ̀pọ̀ sẹ́yìn, kì í sì í ṣe nítorí àròkọ nìkan. Ìwé kẹta nínú ìdánwò náà dá lórí ìró ohùn. Ẹni tó ń pe “chair” bíi “share” látilẹ̀wá ò lè fi ojú nìkan mọ ìyàtọ̀ wọn; àfi kí olùkọ́ máa pè é sí i létí lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ti Ìṣirò náà nìyẹn. Nínú ìwé kejì ìdánwò rẹ̀, ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, wọ́n sì gbé máàkì 40. Ẹni tó ń dá kàwé sábà máa ń fò wọ́n lọ síbi tó gùn, tí àkókò á fi tán. Bẹ́ẹ̀, láti 2024 ni WAEC ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé: ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ka ìbéèrè. JAMB tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò di “mouse” mú rí ò gbọdọ̀ kọ́ ọ lọ́jọ́ ìdánwò.

Orúkọ tí kò bára mu lórí ìwé wọn tún ń kó bá wọn. Orúkọ tó wà lórí NIN ni JAMB ń lò. Obìnrin tó ti fi orúkọ ọkọ sórí NIN, tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí WAEC, gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólójì. Ọ̀pọ̀ ló ń fi Kọ́mọ́ọ̀sì àtijọ́ wọn gba fọ́ọ̀mù, tówó wọn á sì ṣòfò. Kódà National Open University, tó ní ibùdó ní Awà-Ìjẹ̀bú, tí kò béèrè ìdánwò JAMB, ń béèrè kírédíìtì márùn-ún náà.

Nítorí pé kò síbi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ ni “mírákù sẹ́ńtà”, ibùdó ìdánwò tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó, ṣe ń rí wọn mú. Àwọn àgbà yìí á san owó gọbọi káwọn tó ni sẹ́ńtà lè bá wọn kọ ìdáhùn sójú pátákó. Tí WAEC bá fagi lé èsì, owó lọ, ọdún lọ. Tí kò bá sì fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò gbọ́ ń dúró dè wọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjàgun.

Wọ́n á ní kò sówó. Ilé wà, bẹ́ǹṣì wà, pátákó wà. Owó olùkọ́ àti iná ló kù. Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, fún oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdánwò: ohun tá à ń béèrè nìyẹn, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó máa bá wọn yẹ orúkọ àti ìwé wò kí wọ́n tó sanwó. A sì ń bẹ àwọn régbérégbé Ìjẹ̀bú, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, pé kí wọ́n máa bá ẹni tí kò lówó san owó fọ́ọ̀mù, bí wọ́n ṣe ń múra Ojúde Ọba lọ́dọọdún.

Ilé ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí kọmíṣọ́nnà fétò ẹ̀kọ́ dárúkọ wọn, kó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí, kí fọ́ọ̀mù GCE tó tún jáde.